Ohun Tí Josiane Fi Hàn Àlejò Kan

Josiane Péricat fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ṣùgbọ́n kò sí ẹyẹ tí yóò ké ní agbègbè Brenne nílẹ̀ Faransé tí kò ní mọ irú èyí tí í ṣe, ì báà jẹ́ ìdí abọ́ ni ó wà tí ó ń fọ̀ ọ́. Bàbá rẹ̀ ni ó kọ́ ọ. Ọkùnrin náà ń tọ́jú adágún ẹja fún àwọn olówó ilẹ̀, láràárọ̀ ni ó sì máa ń rìn yí adágún po láti wo bí omi ṣe ga tó, ọmọ rẹ̀ obìnrin a máa tẹ̀ lé e. Kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bí ẹyẹ kan bá ké nínú esùsú, yóò dúró, yóò wo ojú ọmọ náà. Bí ọmọ bá dárúkọ rẹ̀ bó ṣe yẹ, wọn a máa lọ. Bí ó bá ṣì í, ibẹ̀ ni wọn yóò wà títí yóò fi gbà á, ì báà jẹ́ nínú òjò.

Nígbà tí bàbá kú, àrùn rọpá-rọsẹ̀ dá ìyá wọn dùbúlẹ̀. Régis, àbúrò Josiane, wà ní ìlú ńlá nídìí iṣẹ́ tirẹ̀. Josiane ní àfẹ́sọ́nà nígbà náà, ọkùnrin kan tó ń wa ọkọ̀ wàrà. Josiane ní kí ó dúró de òun díẹ̀. Ọkùnrin náà dúró fún ọdún méjì, ó sì gbé ẹlòmíràn níyàwó. Ọdún mọ́kànlá ni Josiane fi gbé ìyá rẹ̀ dìde, tó fi gbé e jókòó. Ọ̀sẹ̀ kẹta tí wọ́n sin ín ni Régis dé pẹ̀lú ìwé. Ó ní òun fẹ́ sọ ilé náà di ilé àlejò, kí Josiane fi ìpín tirẹ̀ sílẹ̀ fún òun, kí ó sì máa gbé yàrá orí ilé ìdáná títí ayé rẹ̀. Josiane fọwọ́ sí i. Kò sí ibòmíràn tí ó mọ̀.

Ilé náà gba àlejò. Bí ìgbà òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rú, àwọn ará Paris àti Lille àti Belgium a dé pẹ̀lú awò aríran-jìnnà lọ́rùn, wọn a lo ọ̀sẹ̀ kan láti máa wo ẹyẹ àti ìjàpá omi àti àgbọ̀nrín. Josiane ni ó ń dáná, òun ni ó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tí ó ń mú wọn kiri ni Thibaud, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní ìwé ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu Thibaud, àwọn àlejò sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò mú. Láti àwọn ọdún àkọ́kọ́ ni ó ti máa ń yọ́ wọ ilé ìdáná.

"Màdáàmù Josiane, ẹ jọ̀ọ́, èyí tó ń dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ létí omi yẹn ńkọ́?"

Josiane á sọ fún un láìgbójú sókè. Kò ní pẹ́ tí yóò fi máa gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé, tí Thibaud ń sọ ọ́ fún àwọn àlejò bí ẹni pé inú ìwé ni ó ti kà á. Kò dùn ún púpọ̀. Ó ní ohun tirẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Ohun náà wà nínú igbó Fombelle. Olú ni ó lọ já níbẹ̀ ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, tó gbójú sókè, tó rí ìtẹ́ kan tó fẹ̀ bí tábìlì lórí igi óòkù àgbà, tí ẹyẹ àkọ̀ dúdú sùn lé e lórí. Àkọ̀ funfun kò jọ ẹnikẹ́ni lójú, orí ilé ni ó ń gbé. Àkọ̀ dúdú yàtọ̀. Ara rẹ̀ dúdú tó ń kọ mọ̀nà, ikùn funfun, ẹnu àti ẹsẹ̀ pupa bí ata. Nígbà òtútù ó ń kọjá aṣálẹ̀ lọ sí etí odò ìhà ọ̀dọ̀ tiwa, ní oṣù kẹta ó ń padà wá sórí igi kan náà. Kò fẹ́ ojú ènìyàn. Bàbá Josiane ti sọ fún un pé bí a bá yọ ọ́ lẹ́nu nígbà tó ń sàba, yóò fi ẹyin sílẹ̀ kò sì ní wẹ̀yìn. Nítorí náà Josiane kò sọ fún ẹnì kankan. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ó ń lọ ní ọdún kọ̀ọ̀kan, a dúró ní ìkangun igbó, a wò wọ́n láti òkèèrè, a sì padà sílé lọ dáná.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ìparí oṣù kẹrin, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Vasseur wà lára àwọn àlejò mẹ́jọ tó dé. Tíṣà ni ní Lille kó tó fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ ti kú. Lọ́jọ́ kẹta, orúnkún rẹ̀ wú, kò lè bá àwọn yòókù jáde. Ó wá jókòó sí ilé ìdáná, ó fa ọ̀bẹ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá Josiane bó ọ̀dùnkún.

"Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ̀yin àlejò ni," Josiane wí.

"Bí mi ò bá ṣiṣẹ́, màá kàn máa ro orúnkún mi ni."

Ẹyẹ kan ké lóde. Josiane dárúkọ rẹ̀ láìmọ̀ pé òun sọ ọ́ síta. Òmíràn ké, ọkùnrin náà béèrè, Josiane sọ. Wọ́n ṣe é títí ọ̀dùnkún fi tán nínú apẹ̀rẹ̀. Vasseur fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Màdáàmù, ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ máa mú wa kiri."

Josiane rẹ́rìn-ín, ó sì yíjú sí ààrò nítorí pé kò mọ ohun tí ojú òun ń ṣe. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni. Kò sí ẹni tó wí irú rẹ̀ fún un rí láyé.

"Nínú gbogbo wọn, èwo lẹ fẹ́ràn jù?" Vasseur bi í.

Ó yẹ kó dárúkọ òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa wí fún ara rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Àkọ̀ dúdú ni ẹnu rẹ̀ sọ jáde.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí àwọn yòókù tó jí, ó fi ọkọ̀ kékeré rẹ̀ gbé Vasseur lọ sí Fombelle. Wọ́n dúró sẹ́yìn igbó ṣúúrú níbi tí ó máa ń dúró. Abo wà lórí ẹyin. Nígbà tó yá, akọ fò dé, ó bà sí etí ìtẹ́, àwọn méjèèjì tẹ orí ba fún ara wọn, wọ́n sì pààrọ̀ àyè. Vasseur gbé awò kúrò lójú. Omi ti bò ó lójú.

"Ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi," ó sọ bí wọ́n ṣe ń padà.

"Mo gbà yín gbọ́," Josiane dáhùn.

Nídìí oúnjẹ alẹ́ ni obìnrin kan láti Belgium ti bi Thibaud bóyá àkọ̀ dúdú wà ní agbègbè náà. Thibaud mi orí. Ó ní kò sí, pé bí ó bá wà, òun kọ́ ni kò ní mọ̀. Josiane ń gbé wàràkàṣì bọ̀ lọ́wọ́ kan náà. Thibaud nawọ́ sí i, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Àfi tí Josiane wa bá rí ọ̀kan. Àmọ́ tó bá rí i, ẹ lọ wò ó nínú ìkòkò."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Régis náà rẹ́rìn-ín láti orí àga rẹ̀. Josiane ti mọ irú àpárá yẹn mọ́ra, ó ń gbé àwo kalẹ̀ lọ ni tirẹ̀. Vasseur ni kò lè gbà á. Ó fọwọ́ ti tábìlì, ó dìde pẹ̀lú orúnkún tó wú.

"Obìnrin tí ẹ ń fi ṣẹ̀sín yìí," ó wí, "òun ló fi àkọ̀ dúdú hàn mí láàárọ̀ òní. Méjì, lórí ìtẹ́. Ohun tó mọ̀, kò sí ẹnì kan nídìí tábìlì yìí tó mọ ìdajì rẹ̀."

Obìnrin ará Belgium pàtẹ́wọ́, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Wọ́n ń wo Josiane. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń gbé oúnjẹ fún irú wọn, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí wọ́n wo ojú rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, ara rẹ̀ gbóná, inú rẹ̀ dùn. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó tó ìṣẹ́jú kan kó tó rántí pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ni.

Régis bá a dé ilé ìdáná.

"Níbo ni?"

"Mi ò ní sọ."

"Josiane, àlejò mẹ́jọ ló wà níta yẹn. Wọ́n wá láti ọ̀nà jíjìn. Ẹyẹ lásán lò ń fi pamọ́ fún wa?"

"Wọ́n ń sàba. Bí èrò bá débẹ̀, wọ́n á lọ."

"Ìwọ mú ẹnì kan débẹ̀, wọn ò lọ."

Josiane mọ̀ pé òótọ́ ni. Régis rẹ ohùn sílẹ̀.

"O ń jẹ nínú ilé yìí, o ń sùn nínú ilé yìí. Mi ò tíì bi ọ́ ní nǹkan kan rí."

"Ilé bàbá mi ni mo ti ń jẹ."

"Lọ wo ìwé tó o fọwọ́ sí."

Kò sọ ibi tí ìtẹ́ wà. Kò sì pọn dandan. Thibaud kì í ṣe òmùgọ̀. Ó rò ó pé ọkùnrin tí orúnkún rẹ̀ wú bẹ́ẹ̀ kò lè rìn jìnnà, igbó Fombelle nìkan ni ọkọ̀ sì lè wọ̀ ní agbègbè náà. Ní ọjọ́ kejì, Josiane ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì lókè nígbà tó rí i láti ojú fèrèsé pé ọkọ̀ àwọn àlejò yà sí ọ̀tún, ọ̀nà Fombelle, dípò òsì, níbi tí adágún wà. Ó sọ aṣọ nù. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ kò sí lórí ìṣó tó máa ń fi í kọ́ sí. Nígbà tó bi Régis, Régis ní òun kò rí i, kò sì gbójú kúrò nínú ìwé ìròyìn.

Ẹsẹ̀ ni ó fi rìn ín, kìlómítà mẹ́fà, òjò wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ ń pa á. Ọkọ̀ àwọn àlejò pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n ń padà bọ̀. Obìnrin ará Belgium juwọ́ sí i tẹ̀ríntẹ̀rín, ó gbé kámẹ́rà sókè fi hàn án. Vasseur kò sí nínú ọkọ̀ náà.

Wọn kò dúró sẹ́yìn igbó ṣúúrú. Josiane rí ipa bàtà wọn nínú ẹrẹ̀ títí dé ìdí igi náà gan-an. Ìtẹ́ ṣófo. Àwọn àkọ̀ méjèèjì wà lójú ọ̀run lókè réré, wọ́n ń yí po, wọn kò sọ̀ kalẹ̀. Josiane sá padà sí ibi tó máa ń dúró, ó lúgọ, ó ń retí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni akọ sọ̀ kalẹ̀ dé orí igi kejì, ó dúró, ó tún fò lọ. Ní nǹkan bí aago méjì, ẹyẹ ìwò méjì dé. Josiane jáde, ó pariwo, ó ju igi, ó ju òkúta, ṣùgbọ́n igi óòkù ga, àwọn ìwò náà sì mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ kò tó wọn. Èèpo ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sórí ewé gbígbẹ.

Lọ́jọ́ Sátidé, kí àwọn àlejò tó lọ, wọ́n kọ̀wé sínú ìwé àlejò. Régis kà á sókè nídìí kọfí: "Ọ̀sẹ̀ tí a kò ní gbàgbé. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Thibaud tó fi àkọ̀ dúdú hàn wá." Vasseur wá bá Josiane lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, àpótí rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo rò pé mò ń gbèjà yín ni," ó wí.

"Mo mọ̀."

"Ẹ ń bínú sí mi."

Josiane nu ọwọ́ rẹ̀ sí aṣọ ìdáná kó tó fèsì.

"Kò sẹ́ni tó gbèjà mi rí. Ẹ gbèjà mi, inú mi sì dùn. Ìyẹn gan-an ni mi ò lè dárí ẹ̀ ji ara mi. Ẹ máa lọ, ọkọ̀ ojú irin ò ní dúró dè yín."

Vasseur kọ lẹ́tà méjì sí i nínú oṣù kẹfà. Kò ṣí wọn. Nígbà tí Thibaud tún wọlé wá béèrè ẹyẹ kan, ó ní, "Mi ò mọ̀." Thibaud rò pé ó ń ṣeré. Ó béèrè lẹ́ẹ̀mejì sí i nínú ẹ̀ẹ̀rùn náà, ìdáhùn kan náà ni ó gbà, kò sì béèrè mọ́.

Ní oṣù kẹsàn-án, Josiane kó aṣọ rẹ̀ sínú àpò méjì, ó gba yàrá kan ní ìlú Le Blanc, lójú ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà. Ó rí iṣẹ́ sí ilé ìdáná ilé-ìwé kan. Nígbà tí oṣù kẹta pé, kò lọ sí Fombelle. Ọkùnrin kan tó ń gé igi níbẹ̀ ni ó sọ fún un lọ́jà pé ìjì ti wó ìtẹ́ kan sílẹ̀, àti pé òun kò rí ẹyẹ kankan lórí rẹ̀.

Régis wá wò ó ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà. Ó jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá, Josiane jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní ẹni tí òun gbà sí ilé ìdáná kò mọ ọbẹ̀ í sè. Ó ní àwọn àlejò pọ̀ lọ́dún yìí ju ti ìgbàkígbà lọ, òun ti kan pátákó tuntun sẹ́nu géètì, wọ́n ya àkọ̀ dúdú sí i, ó rẹwà.

"Wọ́n ń béèrè rẹ," ó wí.

"Wọn ò mọ orúkọ mi."

"Yàrá rẹ ṣì wà níbẹ̀. Ó wà nínú ìwé."

"Fi àlejò sí i."

Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá, gíláàsì fèrèsé gbọ̀n. Régis wojú fèrèsé, ó bi í bóyá ariwo yìí kì í dí i lọ́wọ́ oorun. Josiane ní ó ń dí i, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí òun gbọ́ ẹyẹ, ìyẹn sì tẹ́ òun lọ́rùn. Ó dìde, ó ṣílẹ̀kùn fún un.