Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Gun Òrùlé

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní Ifọ̀, iṣẹ́ ilé tó bá ń rùn ni wọ́n ń pè ní iṣẹ́ obìnrin. Ẹ má bínú bí mo ṣe là á mọ́lẹ̀. Bí ilẹ̀ yàrá bá sán, àwa la máa lọ kó ìgbẹ́ màlúù níbi tí àwọn Gàǹbàrí ń so ẹran mọ́, a óò fi omi pò ó, a óò kúnlẹ̀, a óò sì fi ọwọ́ lásán pa á mọ́lẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi dán. Kò sí ọkùnrin tó máa ní ká dìde, ó tó. Àmọ́ bí iṣẹ́ bá ti kan òòlù àti ìṣó, tó wá lọ kan àkàbà, wọ́n á ní èèwọ̀ ni, obìnrin kì í gun orí ilé ọkọ. Ta ló sọ ọ́ di èèwọ̀? Mo ti ń béèrè láti ìgbà náà, mi ò tíì rí ẹni dá mi lóhùn.

Bàbá mi kú nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé kéwú. Ilé tó fi sílẹ̀ fún wa kò burú. Ilé alámọ̀ ni, àmọ́ páànù ni wọ́n fi bò ó, nígbà tí ewé àti koríko ṣì wà lórí ọ̀pọ̀ ilé àdúgbò. Èmi, ìyá mi, àti ìyá tó bí bàbá mi la jọ ń gbé ibẹ̀. Ìyá àgbà ti darúgbó, ẹsẹ̀ ń dùn ún, yàrá ẹ̀yìn ló ń sùn. Àbúrò bàbá mi, ọmọ tí ìyá àgbà bí gbẹ̀yìn, ń gbé ní ilé tirẹ̀ ní iwájú wa. Ènìyàn gidi ni lójú ayé. Aṣọ rẹ̀ kì í dọ̀tí, iwájú ló sì máa ń dúró sí ní mọ́ṣáláṣí.

Lẹ́yìn tí ìyá mi ṣe opó tán, ọkùnrin yìí wá ní òun fẹ́ ṣú u lópó. Ìyá mi kúnlẹ̀ dá a lóhùn, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n jókòó ti ọmọ mi àti ìyá wa." Kò bínú. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú.

Nígbà tí òjò dé, ìjì kan jà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sì ṣí páànù lókè yàrá ìyá àgbà. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà sórí ibùsùn rẹ̀. A gbé ibùsùn sọ́tùn-ún, omi tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀. A gbé e sí òsì, kò yàtọ̀. Ogiri ń rọ̀, ẹní ń hu, ìyá àgbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ikọ́ tó ń mi gbogbo ara rẹ̀. Ìyá mi lọ bá káfíńtà àdúgbò, ìyẹn ní òun ń bọ̀ lọ́la. Ọ̀la dé, a ò rí i. Ó lọ bá òmíràn, ẹni yẹn ní irinṣẹ́ òun ti bàjẹ́. Ìyàwó káfíńtà àkọ́kọ́ ló wá sọ òótọ́ fún un nídìí kànga.

"Àbúrò ọkọ ẹ ló ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ilé yẹn," ló wí. "Ó ní ọjọ́ tó o bá gbà láti fẹ́ òun ni páànù á padà sípò."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá mi rò ó. Orí ìyá tó bí òun fúnra rẹ̀ ni omi ń dà lé! Ó sì ń wá kí i láràárọ̀. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á fi ìka méjì ká etí aṣọ rẹ̀ sókè kí omi ilẹ̀ má bàa tà á, á ní, "Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á tún un ṣe." Á tún ká aṣọ jáde. Aúsùbílàhí! Bí mo bá rántí ìka méjì yẹn, itọ́ ẹnu mi á korò.

Ìyàwó káfíńtà ni kò lè gbà á mọ́ra. Ó ní ọkọ òun lè máa bẹ̀rù, òun kì í ṣe káfíńtà, kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún òun. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń bá ọkọ rẹ̀ di páànù mú, ojú rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ náà. Òrùlé ilé adìyẹ wa ló fi kọ́ ìyá mi. Ó fi hàn án pé ibi tí páànù ti wú sókè la ti ń kan ìṣó, pé ẹni tó bá kàn án sí kòtò rẹ̀ ń lu ihò fún omi ni. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀dà dúdú dí ojú ihò àtijọ́. Ìyá mi fi òòlù lu àtàńpàkò rẹ̀ títí èékánná fi dúdú, síbẹ̀ kò dáwọ́ dúró.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n mú, nígbà tí gbogbo ọkùnrin wà ní mọ́ṣáláṣí. Ìyá mi wọ ògbólógbòó ṣòkòtò bàbá mi, ó gun òrùlé. Iṣẹ́ kù díẹ̀ kó parí, ni ìyàwó káfíńtà bá sáré lọ dá ọ̀dà tó ṣẹ́kù padà sílé. Ìgbà yẹn ni àbúrò bàbá mi ti mọ́ṣáláṣí dé. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó sì gbé àkàbà lé èjìká.

"Máa gbé orí ilé níbẹ̀," ló wí. "Ìgbà tó o bá ṣetán láti ní ọkọ, kígbe, màá gbọ́."

Àwọn ọkùnrin tó ń ti ìrun bọ̀ dúró, aṣọ funfun lọ́rùn, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ń bú ṣòkòtò tó wọ̀. Káfíńtà àkọ́kọ́ wà láàárín wọn. Ìyá mi ò kígbe, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń kan ìṣó lọ.

Ariwo yẹn ló mú ìyá àgbà jáde, ó ń fọwọ́ ti ogiri.

"Gbé àkàbà yẹn padà."

"Ìyá, ẹ wọlé, ẹ má dá sí i."

"Orí mi ni omi ń dà lé. Ṣé o mọ̀ pé orí mi ni?"

"Mo mọ̀, Ìyá, àmọ́..."

Ìyá àgbà kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó yíjú sí àwọn èrò. "Ẹ gbọ́ o. Ó mọ̀."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn. Káfíńtà ló lọ gba àkàbà léjìká ọkùnrin náà, tó gbé e ti ilé, tó ní òun á gòkè lọ parí iṣẹ́. Ìyá mi wò ó láti òkè.

"Ó ti parí," ló sọ.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kejì, yàrá ìyá àgbà gbẹ. Láti ọjọ́ náà, àwọn opó àtàwọn tí ọkọ wọn bá iṣẹ́ rélùwéè lọ ń wá yá òòlù ìyá mi, wọ́n sì ń ní kó wá fi ọwọ́ iṣẹ́ han àwọn. Àmọ́ nígbà tí ìyá àgbà kú, níbi fìdáù rẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn sọ. Ó ní òun lòun tún òrùlé ṣe kí òjò má bàa pa ìyá òun. Àwọn ààfáà ṣàdúrà fún un, gbogbo èrò ṣe àmín, àwọn tí wọ́n dúró wo àkàbà náà sì wà níbẹ̀. Mo wo ẹnu wọn bó ṣe ń ṣí tó ń padé.

Ayé ti yí padà. Táìsì ló wà nílẹ̀ ilé wa báyìí, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ po ìgbẹ́ mọ́. Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó rẹ́ǹtì ilé sí Mowe, tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ń wo bí wọ́n ṣe ń tún nǹkan ṣe nínú fóònù, kò sì sẹ́ni tó ń pè é léèwọ̀. Mo ti rò pé irú ìwà yẹn ti bá àwọn tó ni ín lọ sínú ilẹ̀. Láìpẹ́ yìí ni ẹ̀rọ omi bàjẹ́ ní ilé ìdáná, ọmọ náà pe ẹni tó ń bá onílé gba owó ilé. Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní bí obìnrin bá mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn ṣọ̀rẹ́, omi á yọ. Ọmọ náà yíjú sí mi, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

Mo ní kó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta, kó wá lọ mú sípánà. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́, àmọ́ mo ṣì lè di tọ́ọ̀ṣì mú.