Lẹ́tà tí Hajer Kọ Nípa Ara Rẹ̀

Ṣé ìgbéraga ni kí èèyàn sọ bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe dára tó, àbí irọ́ ni kó dákẹ́? Mo ti gbé e lọ síwájú Ọlọ́run lórí ẹní ìkírun láìmọye ìgbà. Mi ò tíì gbọ́ èsì.

Ọmọbìnrin ìlú Sfax ni Hajer Fendri. Yàrá ìwádìí kan náà la jọ wà. Olùkọ́ ni èmi níbẹ̀. Ọdún márùn-ún ló fi wá àwọn kòkòrò àìfojúrí tó lè jẹ ẹ̀gbin inú omi dúdú tó máa ń ṣẹ́kù níbi tí wọ́n ti ń fún òróró ólífì, ó sì rí wọn. Nígbà tó gboyè ọ̀mọ̀wé tán, ogójì ibi ló kọ̀wé sí pé òun ń wá iṣẹ́ ìwádìí. Ibì kan ṣoṣo, ní Jámánì, ló dá a lóhùn: kí ọ̀gá rẹ̀ kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí nípa rẹ̀ wá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Nejib, ọ̀gá rẹ̀, ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa. Ó ní, "Lọ kọ ọ́ wá, màá fọwọ́ sí i."

Hajer jókòó ti ìwé náà láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé ẹnu ẹlòmíràn ni ìyìn ti ń dùn. Ó wá kọ ọ́ lórúkọ ọ̀gá rẹ̀ pé ọmọ náà gbìyànjú, kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ìwọ̀n agbára tí Ọlọ́run fún un ló ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n fọwọ́ sí i, ó fi ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, èsì dé. "Iṣẹ́ rẹ wù wá, àmọ́ ọ̀gá tó mọ̀ ọ́ jù kò rí ohun rere sọ nípa rẹ ju pé o kì í pẹ́ dé. Bí ẹlòmíràn bá lè jẹ́rìí nípa rẹ, kó kọ̀wé kó tó di Ọjọ́bọ̀."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó dìde, ó tọ ọ̀jọ̀gbọ́n lọ.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ka lẹ́tà mi yẹn?"

"Kí ni mo fẹ́ kà níbẹ̀? Ṣebí ìwọ lo kọ ọ́."

Ó padà sí yàrá ìwádìí. Ó sọ ọ́ fún wa bí ẹni tó ń ròyìn òkú. Ọdún márùn-ún ló fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ọkùnrin náà kò lè ka ìlà mẹ́wàá nípa rẹ̀.

Lotfi, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, rẹ́rìn-ín. "Dókítà Onírẹ̀lẹ̀. Lẹ́tà tèmi, mo kọ ọ́ pé láti ibí dé ìlú Gabès, kò sí irú mi. Oṣù Kẹsàn-án ni mò ń lọ sí Faransé. Ìwọ, máa fi ìrẹ̀lẹ̀ tìrẹ jẹ búrẹ́dì."

"Irọ́ lo pa, Lotfi," Hajer fèsì.

"Irọ́ ti gba ìwé ìrìnnà. Òótọ́ tìrẹ dà?"

Èmi ni mo máa ń sọ fún un pé Ọlọ́run ló ń gbé onírẹ̀lẹ̀ ga.

Hajer yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n Besma, ojú yín ni gbogbo ẹ̀ ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ òmíràn. Ohun tẹ́ ẹ rí gan-an ni kẹ́ ẹ kọ. Ẹ má sì jẹ́ kí n kà á."