Ẹ̀yìn Tíṣà Mọ́ṣádé

Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro Tíṣà Mọ́ṣádé, Tabitha, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò tiẹ̀ jẹ́ kó sọ ọ́ tán tó fi ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ó ní kó jìnnà sí ṣúgà, kó sì máa mu àgbo. Bẹ́ẹ̀, gàrí tó kan dáadáa, tó máa ń fi omi tútù àti ṣúgà mu lọ́sàn-án, ni ìgbádùn kan ṣoṣo tó kù fún obìnrin yìí. Ó fi í sílẹ̀. Ó mu àgbo títí ẹnu rẹ̀ kò fi mọ adùn mọ́, ẹ̀yìn kò gbọ́. Ìrora náà tún gòkè dé ọrùn, débi pé bí èèyàn bá kí i láti ẹ̀gbẹ́, gbogbo ara ló fi ń yí.

Ìgbà tí àtidìde lórí ibùsùn di ogun ló tó gba ọsibítù lọ. Wọ́n ní kó lọ rí Fatihah, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń fi ọwọ́ àti eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti eegun. Fatihah ní kó dojú bolẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn.

Háà! Láti ìgbà tí Simeon ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án ju kí wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Fatihah rò pé ìrora ni.

"Mà, iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe nílé?"

"Mo ti fẹ̀yìn tì, ọmọ mi. Ilé ni mo kàn ń gbá."

Ilé ńlá ni Simeon kọ́ sí ọ̀nà Ìjagun, yàrá kọ̀ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè ríbi sùn bí wọ́n bá wálé wá ṣe ọdún Ojúde Ọba. Àràárọ̀ ni Mọ́ṣádé ń fi ìgbálẹ̀ kúkúrú gbá gbogbo rẹ̀, á tẹ̀ ba títí yóò fi gbá a tán. Lójú tiẹ̀, ọ̀lẹ ló ń dúró gbálẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Fatihah, títí kan àgbo àti gàrí tó fi sílẹ̀.

"Ta ló ń sùn nínú àwọn yàrá náà, Mà?"

"Kò tíì sẹ́ni tó ń sùn síbẹ̀."

Fatihah ò rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí, Mà. Ìtẹ̀ba yẹn ló ń pa iṣan yín lára. Ẹ ra ìgbálẹ̀ onígi gígùn, ẹ máa rìn nírọ̀lẹ́, ẹ má kàn máa sùn sílẹ̀ ṣáá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé nǹkan nílẹ̀, orúnkún ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Ẹ sì padà sídìí gàrí yín."

Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Mọ́ṣádé ń lọ, á múra bí ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó. Ó ń ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, ìrora náà sì ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Bí ẹ̀yìn bá sàn tán, ta ni yóò tún fọwọ́ kan òun?

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó dojú bolẹ̀ bó ti máa ń ṣe.

"Ṣé ó ṣì ń dùn yín, Mà?"

"Yéè! Ibẹ̀ yẹn gan-an ló ti ń dùn mí!"

Fatihah kò tíì gbé ọwọ́ lé e.

Ojú ti Mọ́ṣádé, ó fi ìrọ̀rí bojú.

"Mà, ẹ̀yìn yín ti sàn."

"Mo mọ̀, ọmọ mi," ló wí lábẹ́ ìrọ̀rí. "Ṣáà gbé ọwọ́ lé e díẹ̀."

Àwọn èèyàn ń dúró níta. Fatihah wò wọ́n, ó rọra ti ilẹ̀kùn, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lẹ́yìn.