Ọjọ́ Tí Justina Tú Ìránṣọ Màmá Agatha

Justina Friesen ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà kó tó di olórí àwa obìnrin tó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Manitoba, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun la máa ń pàdé ní yàrá ìsàlẹ̀, tí a ó rán ègé aṣọ pọ̀ di kúbùsù fún àwọn tí ogun lé kúrò nílùú wọn. Láràárọ̀ ni Justina ń tọrọ ọgbọ́n lọ́wọ́ Ọlọ́run, Ọlọ́run sì fún un. Bí tọkọtaya bá ń jà, òun ni wọ́n ń pè. Àmọ́ ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Bó bá ti rí àṣìṣe, kò lè gbé e mì.

Màmá Agatha Dyck ló dàgbà jù nínú wa. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ sì ti di bàìbàì. Lọ́jọ́ kan tí yìnyín bo gbogbo ilẹ̀, Justina gba kúbùsù ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sókè lójú gbogbo wa.

"Màmá, ẹ wò ó, ìránṣọ yín rí bí ejò tó ń sọdá títì. Ojú yín ò gbé e mọ́. Ẹ kúkú máa bá wa se kọfí."

Ó mú àlùmọ́gàjí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó dáa, tíṣà." Ó fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ sápò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, a ò rí Màmá.

"Òótọ́ ni mo sọ," Justina wí fún mi. "Ṣé òótọ́ ti wá di ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Òótọ́ lo sọ," mo dá a lóhùn. "Àmọ́ bí ẹni tó ti arúgbó síta nínú òtútù láìwọ aṣọ fún un lo ṣe sọ ọ́."

Nígbà tó yá, ó ní kí n bá òun lọ sílé Màmá.

Màmá ń po ìyẹ̀fun nígbà tá a wọlé. "Ta ló kú o? Ẹ̀yin méjèèjì fajú ro bí ẹni tó ń bọ̀ láti itẹ́ òkú."

"Màmá, mo ṣẹ̀ yín," Justina wí.

"O ṣẹ̀ mí lóòótọ́." Màmá nu ọwọ́ rẹ̀. "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú ló dùn mí. Mo mọ̀ pé ojú mi ti lọ. Ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ mi jìnnà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan lẹnì kan ń pe orúkọ mi láàárín ọ̀sẹ̀. O wá ní kí n lọ máa dá dúró nídìí kọfí."

Omijé bọ́ lójú Justina. "Ọgbọ́n ni mò ń tọrọ látọjọ́ yìí. Mi ò tọrọ ọkàn tí màá fi lò ó."

"Jókòó, jẹun ná. Ẹkún kì í dùn ún sun lórí ebi."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, Justina lọ fi mọ́tò rẹ̀ gbé Màmá wá. Ó jókòó tì í, ó ń bá a ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Arábìnrin kan fọwọ́ kan ìránṣọ tó wọ́, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Fi í sílẹ̀," Justina wí. "Òtútù ò mọ ìránṣọ tó wọ́."

"Mo gbọ́ o!" Màmá kígbe. "Ojú ló lọ, etí wà níbẹ̀!" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín.

Ọdún méjì ni Màmá tún bá wa rán kúbùsù kó tó sùn nínú Olúwa.

Justina ò di áńgẹ́lì. Lóṣù tó kọjá, ó sọ fún pásítọ̀ níwájú ìjọ pé ìwàásù rẹ̀ ti gùn jù. Àmọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an, ó gbé ọbẹ̀ lọ sílé pásítọ̀, ó bẹ̀ ẹ́, ó sì jókòó ti ìyàwó rẹ̀ tí ara rẹ̀ ò yá títí obìnrin náà fi sùn lọ.