Kẹ́nẹ́lì fún Etí Bàbá

Bàbá ọkọ mi kò gbà pé etí wọn ti ń di. Lójú tiwọn, fóònù ni kì í sọ̀rọ̀ sókè, tẹlifíṣọ̀n ń kùn bí eṣinṣin, àwa tó kù nínú ilé sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu. Bí wọ́n ṣe ń wí nìyẹn látìgbà tí wọ́n ti kúrò ní Iperu wá bá wa gbé ní Ìkẹ́nnẹ́. Ọkọ mi dábàá ẹ̀rọ ìgbọ́ràn lẹ́ẹ̀kan, wọn kò sì bá a sọ̀rọ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀. Èmi ìyàwó ilé wá ńkọ́? Ẹnu mi kọ́ ni wọn ó ti gbọ́ ọ, bí wọ́n bá tilẹ̀ lè gbọ́.

Ǹ bá má dá sí i rárá, bí kì í bá ṣe nítorí àbúrò ọkọ mi obìnrin tó wà ní Kánádà. Ìjọ tó ń sinmi ní Sátidé la wà, nítorí náà, ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tí Sábáàtì bá ti parí, ló máa ń pe bàbá rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ó bí ọmọ kan láìpé oṣù, ọmọ náà kò sì lò ju ìwọ̀nba wákàtí lọ láyé. Ó sọ ọ́ fún Bàbá fúnra rẹ̀ lórí fóònù. Bàbá dá a lóhùn bí wọ́n ṣe máa ń dáhùn gbogbo ohun tí wọn kò bá gbọ́: “A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bá mi kí àwọn ará ilé.”

Ó pẹ́ kó tó lè sọ èyí fún mi. Mo ní wọn kò gbọ́ ni. Ó ní ṣé ẹni tí kò gbọ́ á máa dáhùn? Ó bẹ̀ wá pé kí èmi àti ọkọ mi má dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níwájú Bàbá, kó má baà dà bí ẹni pé òun ń tọrọ ìkẹ́dùn. Látìgbà náà ni ìpè rẹ̀ ti ń kúrú sí i, títí ó fi sọ fún mi pé lẹ́yìn Sátidé tó ń bọ̀, òun á dẹ́kun pípè, kí n kàn máa bá òun kí wọn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ eegun.

A ò lè ní kí Bàbá jẹ́ kí fóònù máa pariwo síta. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ bàbá sí ọmọ kì í ṣe ìkéde. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, mo sì ti ń bá fóònù wọ̀jà tipẹ́. Mo mọ̀ pé kẹ́nẹ́lì, ètò tó wà nísàlẹ̀ pátápátá tó ń pàṣẹ fún gbogbo ẹ̀yà ara fóònù, ló ń díwọ̀n bí ohùn ṣe lè ròkè tó nínú ihò tí à ń gbé sétí. Àwọn kan lórí ayélujára ti ṣe kẹ́nẹ́lì tiwọn, tó lè gbé ohùn kọjá ibi tí ilé iṣẹ́ fi í sí. Bàbá ní fóònù ló ń ṣàìsàn. Ó dáa, fóònù la ó tọ́jú.

Ọ̀sán Jímọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìkọ́kọrẹ́ Sátidé wà lórí iná, ìkọ́kọrẹ́ ewùrà tiwa tí kò ní edé, nítorí ìjọ wa kì í jẹ ẹ́, tí àwọn aládùúgbò fi ń ṣe wá ní yẹ̀yẹ́. Mo kó àwòrán Bàbá pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà, nítorí búùtilódà, olùṣọ́nà tó ń kọ́kọ́ jí kí fóònù tó tàn, kì í jẹ́ kí wọ́n ṣí òun láìpa gbogbo ohun tó wà nínú fóònù rẹ́. Ó ṣí. Mo ka orúkọ tó wà lẹ́yìn fóònù, mo wá kẹ́nẹ́lì tó bá a mu, mo fi í sí i. Fóònù tàn, ó gbé àmì ilé iṣẹ́ jáde, ó kú, ó tún tàn, ó tún kú. Mo wá èyí tí ilé iṣẹ́ fúnra wọn ṣe fún irú fóònù yẹn, bákan náà ni. Mo pààrọ̀ wáyà, mo bú kọ̀ǹpútà. Ìkọ́kọrẹ́ jóná nídìí.

Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo ojú ọ̀run; bí oòrùn Jímọ̀ bá ti wọ̀, a kì í ṣiṣẹ́ mọ́ títí oòrùn Sátidé á fi wọ̀. “Ìyàwó, gbé e kalẹ̀. Sábáàtì ti wọlé.”

Mo pariwo sí wọn létí pé, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan péré.”

“Oòrùn kò ní kí a fún òun ní ẹ̀ẹ̀kan péré.”

Mo gbé e kalẹ̀. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun. Bí ìpè bá wọlé lọ́jọ́ kejì tí fóònù náà kú, àbúrò ọkọ mi á gbà pé bàbá òun ti tìlẹ̀kùn mọ́ òun.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí àwọn tó ní ẹ̀rí dìde. Bàbá dìde. Wọ́n ní fóònù àwọn tó kú lánàá ló rán àwọn létí ọpẹ́ tí àwọn jẹ. Nígbà tí àwọn ṣì ń gbé ní Iperu, àwọn ṣubú lórí ọ̀kadà ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́ ní Ṣàgámù. “Ẹ̀yìn fóònù fọ́ túútúú nínú àpò mi, ṣùgbọ́n awọ ẹsẹ̀ mi kò bó. Ẹ̀yìn òkú fóònù mìíràn ni ẹni tó bá mi tún un ṣe bọ́, tó fi bo tèmi.”

Ìjọ ṣe àmín. Ọkọ mi, tí kò gbọ́ nípa ọ̀kadà yìí rí, yíjú wò wọ́n bí ẹni tó ká ọmọ mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Èmi kò lè ṣe àmín. Àṣé orúkọ òkú fóònù yẹn ni mo kà lẹ́yìn fóònù Bàbá, tí mo fi ń pè é látàná. Mo jókòó ti ìmọ̀ yẹn títí oòrùn fi wọ̀, n kò sì rò pé ìwàásù kan tíì gùn tó ti ọjọ́ náà rí.

Bí Bàbá ṣe parí àdúrà ìrọ̀lẹ́ ni mo so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà. Mo ṣí ojú búùtilódà, mo bi fóònù fúnra rẹ̀ léèrè orúkọ rẹ̀. Ó dáhùn: ìbátan èyí tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ ni, kì í ṣe òun gan-an. Mo wá kẹ́nẹ́lì tirẹ̀, mo fi í sí i. Ó tàn, kò sì kú mọ́. Mo gbé ohùn rẹ̀ sókè dé ibi tó lè dé.

Ìpè wọlé. Bàbá gbé e sétí, wọ́n ta gìrì, wọ́n tún rọra gbé e padà. Wọ́n ní, “Ohùn ìyá rẹ ló wà lẹ́nu rẹ báyìí.” Wọ́n tẹ́tí fúngbà díẹ̀, ó jọ pé ó ti ń dágbére, torí wọ́n yára wí pé, “Má tíì lọ. Kì í ṣe fóònù, ọmọ mi. Etí mi ló ti di. Ó ti pẹ́ tí mi ò ti gbọ́ ohun tí ò ń sọ, mo kàn ń dáhùn ni. Èyí tó wúwo jù níbẹ̀, jọ̀ọ́, tún un sọ fún mi.”

Àbúrò ọkọ mi tún un sọ, ó sì pẹ́ kó tó parí. Bàbá ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omijé ń ṣàn gba inú irùngbọ̀n wọn. Wọn kò sọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́, bí gbogbo wa ti sọ fún un. Wọ́n bi í pé, “Ta ni ọmọ náà jọ?”