Ìlà Tí Sàlámì Tò Sí ní Títì Àwọn Ará Ṣáínà

Ọdún kejì lẹ́yìn tí àwọn ológun fagi lé ìbò nílé ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní ìlú Jẹ́dà, ní àdúgbò Sàbíìlì tí mò ń gbé nígbà náà. Àwọn tí a jọ ṣe ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé pátákó kiri lójú títì ní Ìbàdàn, wọ́n ń jẹ ẹgba, èmi sì wà nílẹ̀ Lárúbáwá, mò ń tún ẹ̀rọ tó ń sọ omi òkun di omi mímu ṣe. Ojú ń tì mí. Mo sọ fún ìyàwó mi pé èmi àti ọ̀rọ̀ ìbò ti parí. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń bi mí pé kí ni mo lè mọ̀ nípa ìjà ìbò, nígbà tí mo lọ fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé ìlú tí wọn kì í ti í dìbò, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ìbò tó dùn mí jù láyé mi, abẹ́ àwọ̀n fọ́líbọ́ọ̀lù ni wọ́n ti jí i.

Títì kan wà lẹ́yìn ilé wa tí gbogbo ènìyàn ń pè ní títì àwọn ará Ṣáínà. Àwọn bàbá wọn ló wá ṣe Hájì láyé àtijọ́, ogun dé lẹ́yìn wọn, wọn ò lè padà sílé mọ́. Àwọn ọmọ wọn ń sọ Lárúbáwá ju èmi tí mo jókòó kọ́ ọ nílé kéú lọ. Bí ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀, ẹ ó rí àwọn ìyá àgbà níwájú ilé tí wọ́n ń na ìyẹ̀fun pẹlẹbẹ, tí wọ́n ń di ẹran wẹ́wẹ́ àti àlùbọ́sà sínú rẹ̀, tí wọ́n ń fi oru omi sè é. Mántù ni wọ́n ń pè é. Mo ti jẹ mántù débi pé ìyàwó mi ń bi mí bóyá mo ti gbé ìyàwó kejì sí títì yẹn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì, wọ́n á so àwọ̀n mọ́ òpó iná lápá kan àti mọ́ irin fèrèsé lápá kejì, eré á bẹ̀rẹ̀. Fọ́líbọ́ọ̀lù wọn kì í ṣe irú èyí tí a gbá nílé ìwé. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló ń wà níhà kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan kì í sì í pààrọ̀ ààyè: ibi tí wọ́n bá fi ọ́ sí, ibẹ̀ ni wàá wà títí eré á fi parí. Wọ́n fún ará gbogbo ilẹ̀ tó wà ládùúgbò ní ààyè kọ̀ọ̀kan. Ọmọ Bọ́mà ní tirẹ̀, ọmọ Yẹ́mẹ̀n ní tirẹ̀, àwa ọmọ Nàìjíríà náà ní tiwa, níwájú, lẹ́bàá àwọ̀n. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún a máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Mẹ́kà láti bá àwọn ará òkè Nakásà gbá a. Bọ́ọ̀lù yìí ló jẹ́ kí n mọ Sàbíìlì àti Nakásà ju ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ, nítorí lẹ́yìn eré, ilé ẹni tó bá pàdánù la ti ń jẹun.

Sàlámì ló di ààyè tiwa mú. Nakásà ni wọ́n bí i sí, lórí òkè tí àwọn tálákà ilẹ̀ gbogbo ti kọ́lé gun ara wọn, kò sì fi ojú kan Nàìjíríà rí. Ó ti tó ọkùnrin, ó ń gbé Jẹ́dà, ó ń ru ẹrù àwọn onílé-Ọlọ́run, ìyẹn àwọn tó wá ṣe Hájì, ní pápákọ̀ òfuurufú lásìkò wọn. Ìyá rẹ̀, Àlàájà Sàfúrátù, ọmọ Ìṣẹ́yìn, ń ta ẹ̀pà ní Mẹ́kà. Bí ẹ bá fi Yorùbá bá àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ sọ̀rọ̀, Lárúbáwá ni wọ́n á fi dá yín lóhùn, Sàlámì náà kò sì yàtọ̀. Àmọ́ bí Sàlámì bá rí àgbà, á nà gbalaja lórí ọ̀dà títì, ìbáà jẹ́ pé oòrùn ti sun ọ̀dà náà. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé, "Kó má gbọ́ Yorùbá, màá fara mọ́ ọn. Kó má mọ àgbà kí, kò sí nílé mi."

Ohun tó sọ àwọ̀n yẹn di nǹkan ńlá ni pé ẹni tó bá ń tọ́jú rẹ̀ ni ẹnu títì. Òun ló ń bá umda sọ̀rọ̀, ìyẹn olórí àdúgbò tí ìjọba mọ̀. Bí ọmọ títì bá kó sí wàhálà, ẹni tó di àwọ̀n mú ló máa sọ fún umda pé, "A mọ̀ ọ́n, tiwa ni." Lọ́dọọdún, kí a tó lọ Mẹ́kà, a máa ń yan ẹni náà. Àwọn méjì tó bá fẹ́ ẹ á dúró sí ìhà méjèèjì àwọ̀n, olúkúlùkù á lọ tò sẹ́yìn ẹni tó wù ú. Kò sí bébà, kò sí àpótí. Bàbá Yúsúfù, arúgbó ará Ṣáínà kan tó ń ran bàtà, ló ti ń tọ́jú àwọ̀n látìgbà tí mo ti débẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, kàfíìlì Sàlámì kú, ìyẹn ọmọ onílẹ̀ tó dúró fún un lọ́dọ̀ ìjọba. Àwọn ọmọ olóògbé ní àwọn ò fẹ́ àjèjì kankan lọ́rùn, ìwé ìgbélùú Sàlámì sì kú pẹ̀lú bàbá wọn. Bí ọlọ́pàá bá ká a mọ́ títì, ọkọ̀ òfuurufú tí yóò gbé e kúrò nílẹ̀ náà ló kù. Kàfíìlì mìíràn wà tó ṣe tán láti gbà á, àmọ́ ó ní kí umda kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé ọmọ rere ni. Umda wà nírìn àjò, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ìbò ni yóò dé. Bàbá Yúsúfù ní, "Ọjọ́ tó bá dé ni màá mú ọmọ náà lọ bá a." Ọkàn gbogbo wa balẹ̀.

Àfi bí Hámzà ṣe jáde ní òun náà fẹ́ gba àwọ̀n. Hámzà ń fi ilé rẹ́ǹtì fún àwọn onílé-Ọlọ́run, ó sì ń fẹ́ kí títì náà di ibùdókọ̀ àwọn bọ́ọ̀sì rẹ̀. Mo lọ bi í léèrè ọ̀rọ̀ Sàlámì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní, "Muhandis, ẹni tí ìwé rẹ̀ ti kú, èmi ò ní fi orúkọ mi gbé e." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ẹnjiníà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó sòótọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kiri ojúlé kan dé òmíràn fún Bàbá Yúsúfù. Bàbá ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Ìwọ tó o ní o ò bá ìbò ṣe mọ́, ta ló rán ọ níṣẹ́?"

Ọjọ́ ìbò pé. Àwa tí à ń ṣọ́ Hámzà rò pé owó ló máa pín tàbí pé ó máa fi bọ́ọ̀sì kó ará ìta wá. Kò ṣe ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ó kàn fi Àlàájì Ràímì síwájú ìlà rẹ̀ ni, níbi tí ènìyàn ti ń wọ títì. Àlàájì Ràímì ni àgbà Yorùbá tó dàgbà jù ní Sàbíìlì. Òun ló sọ ọmọ wa lórúkọ, òun ló ń kírun sí òkú wa lára, òun àti Hámzà ló sì jọ ń gba àwọn onílé-Ọlọ́run láti ilẹ̀ Yorùbá sílé. Ó wọ aṣọ funfun, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn ará Ṣáínà wò ó, wọn ò rí nǹkan kan tó burú níbẹ̀. Èmi rí i.

Sàlámì ti pápákọ̀ dé, òógùn bò ó. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó gbọ́dọ̀ gba iwájú Àlàájì kọjá. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi," ni Àlàájì wí, ó na ọwọ́ sí i, ó gbé e dìde. Kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀. "Màmá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, sà."

"Mo gbọ́ nípa ìwé rẹ. Ọlọ́run á bá ọ ṣe é." Ó wá bẹ̀rẹ̀ àdúà. Àdúà náà gùn. Sàlámì ń ṣe àmín, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ àgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà lórí ìlà Hámzà.

Mo pè é láti òdìkejì àwọ̀n: "Sàlámì, máa bọ̀ níbí."

Ó wò mí, ó wo ọwọ́ tó dì í mú. Ẹ̀yin náà ẹ ro ó wò. Ọmọ Yorùbá wo ló ń já ọwọ́ gbà lọ́wọ́ àgbà tó ń ṣàdúà fún un, táá sì kọ ẹ̀yìn sí i lọ tò sẹ́yìn ẹlòmíràn lójú gbogbo ayé? Àwọn ọ̀dọ́ Yorùbá yòókù ń dé ní méjì-méjì, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, Àlàájì ń fi wọ́n sẹ́yìn ara rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó tún burú jù, ọmọ Bọ́mà kan bi mí pé, "Ṣé wọ́n ti yanjú ọ̀rọ̀ Sàlámì ni? Mo rí òun fúnra rẹ̀ lọ́dọ̀ Hámzà." Kí n tó dáhùn, òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ ti kọjá sọ́hùn-ún. Ẹni tí a fẹ́ sun jẹ kì í fepo para jókòó sídìí iná, àmọ́ ta ni ọmọ tó mọ̀ pé ìkíni lè di epo?

Mo rìn dé ìdí àwọ̀n, mo tẹríba, mo kó ọwọ́ sẹ́yìn. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Àlàájì."

"Ẹnjiníà, ṣé ibi tí wọ́n ti ń kí àgbà nìyẹn?"

"Ibi tí mo ti ń dìbò ni, sà. Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀ kó wá dìbò tirẹ̀."

Àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ kùn sí mi. Ẹnì kan ní ìwé àkàjù ló bà mí jẹ́. Onílé ìtajà ará Yẹ́mẹ̀n tó ń ka ìlà kà á tán, ìlà Hámzà gùn ju tiwa lọ. Bàbá Yúsúfù tú àwọ̀n fúnra rẹ̀, ó ká a, ó fi lé Hámzà lọ́wọ́, ó sì lọ sílé lọ ran bàtà.

Ní ilẹ̀ yẹn, ẹ ò lè kóra jọ kí ẹ máa pariwo. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ló ń gbẹ̀yìn irú rẹ̀. Nígbà tí umda dé, a dọ́gbọ́n: ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lọ lóun nìkan, bí ẹni tó kàn yà kí i. Bàbá Yúsúfù ló kọ́kọ́ lọ, ọmọ Yẹ́mẹ̀n tẹ̀lé e, káfíńtà ará Bọ́mà lọ, èmi náà lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wa ń sọ: "Mo mọ Sàlámì. Ọmọ títì wa ni." Ìwọ́de tiwa nìyẹn. Umda gbà wá tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Nígbà tó kàn mí, ó rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Gbogbo títì ti mu kọfí mi tán. Ẹnu kan ṣoṣo ni mo ti ń gba ọ̀rọ̀ yín, ẹnu ọ̀hún kò sì tíì sọ nǹkan kan."

Àlàájà Sàfúrátù ti Mẹ́kà wá, a jọ lọ bá Àlàájì Ràímì. Ó ní òun ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọmọ náà wà nídìí ìbò.

Àlàájà ní, "Ẹ mọ̀, sà. Ẹ ṣàdúà lé e lórí."

"Mi ò so ọmọ yín mọ́lẹ̀. Ó dúró tì mí ni."

"Ẹ dì í lọ́wọ́ mú."

"Àlàájà, ṣé kí ọmọ kí mi kí n má dáhùn ni?"

Mo sọ fún un pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó ní òun á bá Hámzà sọ ọ́, ó sì sọ ọ́ lóòótọ́, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Hámzà ní kí wọ́n jẹ́ kí Hájì kọjá ná. Àlàájì kò tún sọ ọ́ mọ́, nítorí àwọn onílé-Ọlọ́run rẹ̀ ń bọ̀, ilé Hámzà ni wọ́n sì máa dé sí. Kí Hájì tó dé, ọlọ́pàá mú Sàlámì níbi tí ọkọ̀ Mẹ́kà ti ń gbéra. Ìyá rẹ̀ kò lè lọ wò ó ní àtìmọ́lé, nítorí ìwé tirẹ̀ náà kò dán mọ́rán. Wọ́n gbé e lọ sí ilẹ̀ tí kò mọ̀ rí, wọ́n ní ilé rẹ̀ ni. Inú bí mi nígbà yẹn, ó ṣì ń bí mi títí dòní. Àlàájà kò sunkún lójú mi. Ó kàn ń tún un sọ pé, "Èmi ni mo kọ́ ọ láti máa kí àgbà. Ẹnjiníà, èmi ni mo kọ́ ọ."

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, a bá gbogbo títì jà lórí ìlànà. A ní kí àgbà kankan má dúró sí ìlà títí gbogbo ọ̀dọ́ á fi yan ibi tó wù wọ́n. Àlàájì Ràímì ní a fẹ́ ba àṣà jẹ́. Mo ní àṣà ni à ń gbà sílẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà tí kò lóye ìdọ̀bálẹ̀ rárá tẹ́lẹ̀ ló tì wá lẹ́yìn jù, ọmọ àbúrò Bàbá Yúsúfù sì gba àwọ̀n padà. Bọ́ọ̀sì kankan kò sùn sí títì náà mọ́. Ẹni tó bá kó sí wàhálà ìwé lẹ́yìn ìyẹn, ó rí ẹni sọ̀rọ̀ fún un. Mo ń fi èyí yangàn, kí n má parọ́. Lábẹ́ ojú ọlọ́pàá, láìgbé pátákó, a tún ìbò ṣe nígbà tí wọ́n ń fi ìbọn tú u ká nílé.

Nígbà tí mo padà sí Nàìjíríà, mo wá Sàlámì kàn ní Ìlọrin, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú. Yorùbá ti mọ́ ọn lẹ́nu. Mo jókòó, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un: ìlànà tuntun, àwọ̀n tó padà sọ́wọ́ onílé, àwọn tí umda ti fọwọ́ sí ìwé wọn látìgbà náà. Ó gbọ́ mi dópin, ó ń mi orí. Ìyá rẹ̀ wà ní Nakásà lọ́hùn-ún, ara ò gbé kánkán mọ́, bó bá sì jáde nílùú náà, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé mọ́. Sàlámì náà kò lè wọ ibẹ̀.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, bọ̀ọ̀dá mi. Ó dùn mọ́ mi nínú. Àwọn tó kù rí ọ̀nà. Èmi ńkọ́?"

Ẹ̀yin tí ẹ wá ń sọ fún mi pé ìjà àwa àgbà ti so èso, ẹ lọ bá Sàlámì ní Ìlọrin, kí ẹ dá a lóhùn.