Ọwọ́ Tó Ṣẹ́kù Sínú Fọ́tò

Tí o bá dé Èjìgbò tí o sì bèèrè Mùínàt onífọ́tò, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún ọ ni pé nígbà kan, kò sẹ́ni tó mọ ènìyàn yọ tó o. Kì í ṣe yíyọ láti inú kànga. Yíyọ kúrò nínú fọ́tò ni. Àfẹ́sọ́nà tó ti di ọ̀tá, mo-gbọ́-mo-yà tó dúró sẹ́yìn ìyàwó níbi tí wọn ò ti pè é, ewúrẹ́ tó gba àárín ìsọmọlórúkọ kọjá: gbogbo wọn ni Mùínàt ti yọ rí. Ibi tí wọ́n dúró sí á sì jọ̀lọ̀, bí ẹni pé Ọlọ́run ò dá wọn rárá.

Àbíjáǹ, nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ni wọ́n bí i sí. Ó ti tó ọmọge kó tó wálé wá bá ìyá rẹ̀ àgbà, ó sì lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Òjó. Ọ̀gá Òjó ti darúgbó kí kọ̀ǹpútà tó dé bá a, ṣùgbọ́n ó kọ́ Fótóṣọ́ọ̀pù, ètò tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, ó sì fi kọ́ Mùínàt. Ṣí fọ́tò, tún un ṣe títí yóò fi wù ọ́, kí o wá fi èyí tí o tún ṣe bo ti tẹ́lẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí kọ̀ǹpútà náà kéré, kò láyè ìfipamọ́. "Kí la fẹ́ fi méjì ṣe?" Ọ̀gá a máa wí bẹ́ẹ̀. "Èyí tó dáa ni kó kù." Nígbà tí Ọ̀gá kú, ṣọ́ọ̀bù àti kọ̀ǹpútà di ti Mùínàt, àṣà náà sì bá wọn wá.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ń jẹ́ Peculiar wà ní ìlú Ola nítòsí, onífọ́tò lòun náà. Peculiar ló sọ fún un nípa ètò kejì tí wọ́n ń pè ní Láìtírúmù.

"Èyí kì í fọwọ́ kan fọ́tò tí o yà," ó ní. "Ohun tí o ní kó ṣe sí i ló kàn ń rántí. Bí ọkàn rẹ bá yí padà lẹ́yìn ọdún kan, wàá ní kó gbàgbé, fọ́tò rẹ á sì jáde bó ṣe wà. Bí kánópì búlúù bá sọ gbogbo èrò òde di aláwọ̀ aró, tún ẹyọ kan ṣe, á bá ọ tún ìyókù ṣe."

"Ṣé ó lè yọ ènìyàn?"

"Tèmi yìí ò lè yọ odidi ènìyàn. Rorẹ́ ojú ló lè yọ."

Mùínàt pòṣé. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ò lè gbé ètò méjèèjì, ó sì dà bí ìgbà tí wọ́n ní kí alápatà lọ fi ọ̀bẹ pààrọ̀ ṣíbí. Ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Iléyá dé. Jamaldeen, ọmọ Àlàájà Bàrákátù tí ń ta gààrí, ti Àbíjáǹ wálé pẹ̀lú Mùbárákà ìyàwó rẹ̀ àti Kàdíjà ọmọ wọn kékeré. Mùínàt ya wọ́n níwájú ilé. Àlàájà jókòó, Kàdíjà dúró létí orúnkún rẹ̀. Mùbárákà wà lẹ́yìn ọmọ, ó gbé ọwọ́ tó fi làálì ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ lé e léjìká. Jamaldeen wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó dùn ún wò.

Àṣé Àlàájà àti ọmọ rẹ̀ ti fohùn ṣọ̀kan pé Kàdíjà ò ní bá wọn padà, kó dúró ti ìyá àgbà, kó gbọ́ èdè, kó mọ ilé, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Àbíjáǹ ti ń ṣe. Kò sẹ́ni tó bi ìyá ọmọ. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wọ ọkọ̀ ni Mùbárákà tó gbọ́, ó sì la ẹnu lójú gbogbo ará àdúgbò.

"Màmá, ẹ ti tọ́ tiyín. Ẹ jẹ́ kí n tọ́ tèmi."

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ni. Ọkọ̀ gbé Mùbárákà lọ tẹkúntẹkún, ọmọ dúró. Àlàájà wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Mùínàt, yọ ọ́ kúrò."

"Ta ni, Àlàájà?"

"Ìyàwó tí ò mọ ibi tó yẹ kí ẹnu dúró sí."

Mùínàt yọ ọ́. Ó fi ògiri dí orí, ó fi ìlẹ̀kùn dí aṣọ. Ọwọ́ èjìká yẹn nìkan ló yọ ọ́ lẹ́nu, torí bó bá pa á rẹ́, léèsì ọmọ á bàjẹ́. Ó fi í sílẹ̀, ó so ó mọ́ apá aṣọ Jamaldeen, kí aráyé lè rò pé ọwọ́ bàbá ni. Ó fi èyí bo ti tẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gá ti kọ́ ọ. Ó sì nu káàdì kámẹ́rà, nítorí ó ń lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn.

Ta ló rí ọkùnrin tó lé làálì rí? Ọjọ́ tí wọ́n gbé fọ́tò kọ́ sí pálọ̀ ni Kàdíjà ti rí i. "Ọwọ́ maman mi nìyí!" Láti ọjọ́ náà, kó tó lọ sílé ìwé, á wọ́ àpótí sídìí ògiri, á gùn ún, á fọwọ́ kan ọwọ́ náà, á fi Faransé kí ìyá rẹ̀, "Bonjour, maman." Àlàájà kọ́kọ́ ń ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Nígbà tó yá, ó gbé fọ́tò pamọ́ sínú àpò ẹrù. Ọmọ kọ oúnjẹ. Àlàájà tún gbé e kọ́ padà. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, Àlàájà fi gèlè di fọ́tò, ó gbé e wá bá Mùínàt.

"Dá a padà síbẹ̀."

Mùínàt tú kọ̀ǹpútà wò. Ó mọ̀ pé kò sí ńbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń tú u. Ojú tì í, àánú ọmọ náà sì ń ṣe é dé egungun.

"Àlàájà, ẹ má bínú. Mo ti bò ó mọ́lẹ̀. Kò sí nínú ẹ̀rọ mi mọ́. Àbíjáǹ ni ìyàwó náà fúnra rẹ̀ wà."

Àlàájà wo ọwọ́ àjòjì lórí èjìká ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó sì na fóònù sí Mùínàt.

"Bá mi pè é."

Nígbà tí Mùbárákà gbé e, ohùn Àlàájà rẹlẹ̀ bí ohùn ẹni tí ń sùn.

"Èmi ni. Ọmọ rẹ ń kí ọwọ́ rẹ láràárọ̀, ọwọ́ ò sì dá a lóhùn. Wá mú un."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Mùínàt pa Fótóṣọ́ọ̀pù rẹ́, tí Peculiar wá bá a gbé ètò kejì sórí kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe pé ti àkọ́kọ́ burú. Peculiar ń lò ó síbẹ̀. Mùínàt ló mọ ara rẹ̀: bí ọ̀bẹ bá wà lọ́wọ́ òun, ẹni tó bá ní kí òun gé, òun á gé. Àwọn oníbàárà kan bínú lọ. Ó júwe ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn fún wọn.

Iléyá ọdún kejì, Mùbárákà, tó ti wá mú ọmọ rẹ̀ lọ nígbà ọyẹ́ náà, tún mú un wálé. Wọ́n tún jókòó níwájú ilé. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká Kàdíjà, níbi tó wà lọ́jọ́sí. Mùínàt gbé kámẹ́rà sójú.

"Dúró ná," Àlàájà wí.

Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó mú ọwọ́ kejì Mùbárákà, ó gbé e lé èjìká ara rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ dì í mú níbẹ̀.

"Ó yá, yà á. Ẹni tó bá tún fẹ́ yọ ọ́, á gé èmi náà mọ́ ọn."